Bí Ẹ Ṣe Máa Bá Àwọn Tó Ń Darí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba California Sọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Á Fi Gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní California, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín ń lọ sí community college, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Àbúrò mi obìnrin dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú green card, ó gbé lọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko kó tó forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò jìnnà sílé, àfi bí wọ́n ṣe gbé owó àlejò fún un, ìyẹn owó tí ẹni tí wọn ò kà sí ará ìpínlẹ̀ ń san. Ará ìpínlẹ̀ ń san dọ́là 46 lórí yúnìtì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì. Àlejò á san 46 yẹn, wọ́n á tún wá fi owó tiẹ̀ lé e lórí, owó yẹn sì máa ń tó ọ̀ọ́dúnrún dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ fi yúnìtì méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ọ̀kan á fún yín ní 552, èkejì á lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là fún sẹ́mẹ́sítà kan ṣoṣo.

Kí ni mo wá ṣe? Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà gígùn sí ṣánsẹ́lọ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ ní Sacramento, olú ìlú California, torí lójú mi òun ni ọ̀gá pátápátá, tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi dúró. Èsì tó dé dára, wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, wọ́n kàn sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò sí lọ́wọ́ àwọn, pé district tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ìyẹn àjọ àdúgbò tó ń darí ẹ̀, ni kí n lọ bá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ, sẹ́mẹ́sítà ti ń parí lọ, ọmọ ọlọ́mọ ti fi kíláàsì méjì sílẹ̀ torí owó ò tó. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹlòmíì má bàa lọ kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tí yóò ṣí i fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ wo lọ́wọ́

Ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì 116 ló wà nínú ètò yìí, district 73 ló pín wọn mọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì tó bíi mílíọ̀nù méjì, kò sí ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì míì tó tóbi tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Board of Governors ló wà lórí gbogbo wọn, 1967 ni òfin dá a sílẹ̀, gómìnà ló ń yan àwọn tó ń jókòó síbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń gba ṣánsẹ́lọ̀ síṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 2023 Sonya Christian gorí àga yẹn, ọmọ Kerala ní Íńdíà ni, iṣẹ́ tíṣà ìṣirò ló bá wọ Bakersfield College ní 1991 kó tó di ọ̀gá níbẹ̀. Eloy Ortiz Oakley tó wà níbẹ̀ ṣáájú, community college lòun fúnra ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Mo ń sọ èyí torí èrò àwọn kan láàárín wa ni pé àwọn tó wà lókè yẹn ò mọ nǹkan tójú wa ń rí. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Agbára wọn ló ní ibi tó mọ.

Ṣánsẹ́lọ̀ ìpínlẹ̀ kì í gba ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì yín síṣẹ́, kò mọ lẹ́kíṣọ́ọ̀ tí wọ́n gbà, kò ṣe tímútébù, kò ní kí wọ́n ti ọ́fíìsì àwọn káńsẹ́lọ̀, ìyẹn àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, láago mẹ́ta ọ̀sán. Orí adé ni lóòótọ́, àmọ́ baálé kọ̀ọ̀kan ló ni agboolé tiẹ̀. Baálé yẹn ni àwọn trustee ti district, ará àdúgbò ló ń dìbò yàn wọ́n, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń lò kí ìdìbò míì tó dé, àwọn ló ń gba ọ̀gá district síṣẹ́, àwọn ló ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ibì kan tún wà tó máa ń dà wá láàmú, district tó bá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì púpọ̀ máa ń pe ọ̀gá tiẹ̀ náà ní ṣánsẹ́lọ̀. District Los Angeles ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́sàn-án, ó ní ṣánsẹ́lọ̀ tiẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan tún ní prẹ́sídẹ́ǹtì tiẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́nì kan bá ní "ẹ kọ̀wé sí ṣánsẹ́lọ̀", ẹ bi í pé ṣánsẹ́lọ̀ wo.

Nǹkan tó wà lọ́wọ́ Sacramento ni pé wọ́n ń pín owó ìpínlẹ̀ fáwọn district, wọ́n ń ṣe ìlànà tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, wọ́n sì lè wọlé tí ilé bá ń jó. Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní City College of San Francisco. Ní 2012 àjọ tó ń fọwọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi wọ́n sábẹ́ ìkìlọ̀ tó le gan-an, pé ètò owó àti àkóso wọn ò dúró, ní oṣù keje 2013 àjọ yẹn kéde pé àwọn máa gba ìfọwọ́sí náà padà, oṣù yẹn náà ni Board of Governors gba agbára kúrò lọ́wọ́ àwọn trustee tí ará ìlú dìbò fún, wọ́n sì fi ẹnì kan ṣoṣo, Robert Agrella, síbẹ̀ kó máa dá pinnu. Ó di oṣù kìíní 2017 kí ìfọwọ́sí wọn tó dúró padà gbọnyin. Torí náà agbára wà lókè, àmọ́ ọjọ́ burúkú ni wọ́n ń yọ ọ́ síta, wọn ò ní yọ ọ́ nítorí owó àlejò tí wọ́n ṣèèṣì gbé fún àbúrò mi.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin àti gómìnà náà wà níbẹ̀. Dọ́là 46 yẹn, àwọn aṣòfin ló fi lélẹ̀ láti 2012, kò sí trustee tàbí ṣánsẹ́lọ̀ tó lè yọ sẹ́ńtì kan kúrò nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà ńkọ́, tó kan àwọn èèyàn wa gbọ̀ngbọ̀n? Ní 2024 àbá òfin méjì tí ì bá jẹ́ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan dán dìgírì nọ́ọ̀sì wò gba inú ilé ìgbìmọ̀ kọjá, gómìnà Newsom kọ̀, kò fọwọ́ sí i, ó parí síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín pé kí ló dé tí wọn ò ní BSN, ìyẹn dìgírì nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, aṣòfin yín ni kẹ́ ẹ pè.

Àwọn lẹ́kíṣọ́ọ̀ náà ní tiwọn. Láti 1988 tí òfin kan ti jáde, Academic Senate, ìyẹn ìgbìmọ̀ tiwọn, ló lóhùn jù lórí nǹkan tí wọ́n máa kọ́ni àti bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní máàkì. Tó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀sì kan ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́ tàbí ẹ fẹ́ kí wọ́n dá tuntun sílẹ̀, ẹ bá wọn sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá trustee, torí trustee á yíjú padà sí wọn náà ni.

Nísinsìnyí, ẹjọ́ wo lẹ máa gbé lọ síbo

Owó àlejò, district ni. Àwọn ló ń sọ iye tó máa jẹ́ lọ́dọọdún, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sì ń pinnu ẹni tó jẹ́ ará ìpínlẹ̀. Ìlànà ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ ti gbé ní California fún ọdún kan àti ọjọ́ kan kí sẹ́mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi hàn pé ẹ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tó wà lórí físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ò lè fi ọ̀nà yìí di ará ìpínlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ìwé tí wọ́n máa ń wò ni owó orí ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ san, lísẹ́ǹsì ìwakọ̀, ìwé mọ́tò, ìwé ilé tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi ni pé oṣù kẹjọ tó dé ló tó gba lísẹ́ǹsì, òṣìṣẹ́ tó wò ó wá ka ọjọ́ láti ara lísẹ́ǹsì yẹn, kò wo ìwé owó iṣẹ́ tó ti ń gbà láti oṣù kejì. Ẹ tọ́jú bébà, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti dé gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ ti ọmọ yín sí kíláàsì ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ tí kò ní yúnìtì tó ń lọ sí yunifásítì, ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn. Òfin AB 705 jáde ní 2017, òfin AB 1705 tẹ̀ lé e ní 2022, ó ti kúrò ní kí wọ́n kàn fún èèyàn ní ìdánwò kan kí wọ́n sì fi ọdún kan ṣòfò fún un. Ọmọ tó ka sẹ́kọ́ńdírì ní Nàìjíríà tí kò ní èsì high school Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọ̀nà tí òun fúnra ẹ̀ á fi dáhùn ìbéèrè tí á sì yan ibi tó tọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi káńsẹ́lọ̀, tí káńsẹ́lọ̀ bá ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ibí yìí gan-an ni lẹ́tà sí Sacramento ti wúlò, torí àwọn ló ń ṣọ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ń tẹ̀ lé òfin yẹn.

Pákìn, bọ́ọ̀sì, láìbìrì, kíláàsì alẹ́ fẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ìyẹn gbogbo ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àti district ni, ẹ má dààmú lọ síbòmíì.

Ẹ lọ sí mítìn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà

Mo mọ̀ pé èyí ló máa ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ nínú wa. A máa ń rò pé mítìn ìgbìmọ̀, ti àwọn ńlá ńlá ni. Rárá o. Òfin California kan wà tó ń jẹ́ Brown Act, láti 1953 ló ti wà, ó ní trustee ò gbọdọ̀ fi ìkọ̀kọ̀ ṣe ìpàdé ìlú, àyàfi àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí ẹjọ́ kóòtù àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ àjẹńdà síta ní wákàtí 72 kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tó wà nínú àjẹńdà, kódà lórí nǹkan tí kò sí níbẹ̀ tó bá ṣáà ti kan iṣẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi dandan mú yín kọ orúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ti Board of Governors lókè, òfin tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àjẹńdà jáde.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa torí àwọn ìyá wa ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ sọ Yorùbá kí ẹlòmíì máa túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, òfin ní kí wọ́n fún un ní ìlọ́po méjì àsìkò tí wọ́n fún àwọn yòókù, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹlòmíì ní, mẹ́fà ni tiyín. Ìyá tó ń sanwó iléèwé ọmọ ẹ̀ lè dìde kó sọ ọ́ lédè abínibí ẹ̀, kí ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó túmọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo dé ibẹ̀ láago márùn-ún àbọ̀, mítìn aago mẹ́fà ni. Páálí kékeré kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sórí ẹ̀, mo kọ ọ́, mo fún akọ̀wé. Àwọn trustee méje jókòó sókè, iná kékeré mẹ́ta wà níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa. Ọkùnrin tó ṣáájú mi ń kà látinú bébà mẹ́rin, kò tíì kúrò lójú ewé kejì tí iná fi pọ́n, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, máíkì ti kú. Àyà mi já. Bébà mẹ́ta ni mo ní lọ́wọ́ témi náà. Mo ká a pọ̀, mo sì sọ nǹkan mẹ́rin péré: àbúrò mi dé lọ́jọ́ báyìí, ìwé owó iṣẹ́ ẹ̀ rèé láti oṣù kejì tó dé, ọ́fíìsì yín ka ọjọ́ láti ara lísẹ́ǹsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kí ẹnì kan tún un wò. Iná ò tíì yí sí yẹ́lò tí mo fi jókòó.

Kò sí trustee tó dá mi lóhùn. Mo kọ́kọ́ bínú, nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé òfin kan náà tó fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn ṣe ìpinnu lórí nǹkan tí kò sí nínú àjẹńdà. Àmọ́ obìnrin kan nínú wọn kọ nǹkan sílẹ̀, ó yíjú sí prẹ́sídẹ́ǹtì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́. N ò tíì dé ibi tí mo gbé mọ́tò sí tí ọkùnrin kan fi sáré tẹ̀ lé mi jáde, ó gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń lọ, nǹkan kan ni kẹ́ ẹ bèèrè, kó jẹ́ nǹkan tí wọ́n lágbára láti ṣe, kẹ́ ẹ mú ìwé ẹ̀rí dání, ẹ̀dà kan fún akọ̀wé. Ẹ má lọ bú ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi ìṣẹ́jú kan kí wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa láti kí àgbà ká tó sọ̀rọ̀, ẹ kí wọn ní gbólóhùn kan kẹ́ ẹ wọlé sọ́rọ̀. Tẹ́ ẹ bá lè kó èèyàn mẹ́rin márùn-ún wá tí ọ̀rọ̀ kan náà kàn, ẹ pín in mọ́ra yín lọ́wọ́, kí olúkúlùkù sọ apá tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín sọ nǹkan kan náà.

Ẹ mọ bí owó ṣe ń wọlé fún wọn

Ìdí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí ni pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá so mọ́ owó máa ń yára wọ̀ wọ́n létí. Láti 2018 bí Sacramento ṣe ń pín owó ti yí padà. Bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ń tẹ̀ lé iye akẹ́kọ̀ọ́, bíi 20 ń tẹ̀ lé iye àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn, ìyẹn àwọn tó ń gba Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, tàbí tí wọ́n fi Promise Grant yọ̀ǹda owó iléèwé fún, 10 tó kù ń tẹ̀ lé iye àwọn tó parí, tó gba ìwé ẹ̀rí tàbí tó kọjá sí yunifásítì. Ẹ ò rí i báyìí, ọmọ yín tó kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè ìrànwọ́ yẹn, tó sì gba Pell, owó kékeré tiẹ̀ nìkan kọ́ ló mú wá, ó mú owó wá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀ wọ́n fún kíláàsì alẹ́ tàbí káńsẹ́lọ̀ sí i, ẹ sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ wa méjìlá ló máa wá, mẹ́jọ nínú wọn ń gba Pell, ẹ kọ ọ́ sórí bébà fún wọn. Trustee tó ń wo bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń dínkù á gbọ́ ìyẹn kíá ju kẹ́ ẹ ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú wa lọ.

Àwọn tó bá wà ní ìpínlẹ̀ míì

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ California lọ síbòmíì láìwádìí. Ní Virginia, kọ́lẹ́ẹ̀jì 23 ló wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo àti ṣánsẹ́lọ̀ kan, agbára tòkè níbẹ̀ tóbi gan-an, ìgbìmọ̀ yẹn ló ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tún orúkọ wọn yẹ̀ wò, ìyẹn ni John Tyler ṣe di Brightpoint, tí Lord Fairfax di Laurel Ridge. Lẹ́tà sókè níbẹ̀ lè so èso. North Carolina ní 58, kálukú pẹ̀lú trustee tiẹ̀, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tún wà lórí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston àti Dallas, Texas ò ní ṣánsẹ́lọ̀ ìpínlẹ̀ kankan fún community college, district ni gbogbo ẹ̀, trustee tí ẹ dìbò yàn ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Maryland náà, county ni ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé, ẹ lọ bá ti county yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé jókòó níbẹ̀

Èyí ló jẹ mí lógún jù. A pọ̀ ní Inglewood, a pọ̀ ní Carson, ọmọ wa kún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, tó bá wá di ibi tí wọ́n ti ń pinnu, a ò sí níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ owó bọ́ńdì, ìyẹn owó tí district ń yá láti fi kọ́lé. Láti 2000 tí òfin ti jẹ́ kí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún adìbò lè fọwọ́ sí bọ́ńdì ilé kíkọ́, dandan ni kí district tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ná an. Wọn kì í sanwó fún yín, fọ́ọ̀mù ẹ̀ kò gùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ akántáǹtì tàbí ẹnjiníà ilé, ibi yín nìyẹn. Wàá mọ gbogbo trustee, wàá mọ bí bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn, wọ́n á mọ orúkọ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè du ipò student trustee, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa dìbò fún un, ó ń jókòó pẹ̀lú wọn, ó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò tiẹ̀ ò wọnú kíkà. Trustee gan-an ńkọ́, kẹ́ ẹ máa gbé inú district náà, kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀. Ìdìbò yẹn máa ń wà nísàlẹ̀ bébà ìdìbò, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ ń fọwọ́ kan án, torí náà ìbò ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan lè ṣe nǹkan ńlá níbẹ̀.

Lẹ́yìn mítìn, ẹ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹ tún nǹkan kan yẹn bèèrè ní gbólóhùn méjì, ẹ fi ìwé yín há a. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ bèèrè fún ìwé ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ òfin ìwé ìjọba, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti sọ fún yín bóyá wọ́n máa gbé e jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn mítìn temi ni ọkùnrin tó gba nọ́ńbà mi pè, ó ní ká mú ìwé owó iṣẹ́ àti ìwé owó orí wá sọ́fíìsì, obìnrin tó jókòó níbẹ̀ wò ó, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó yí i sí ará ìpínlẹ̀, ó sì tẹ bébà ìdápadà owó jáde fún un. Àbúrò mi ń mì bébà yẹn kí tàdáwà ẹ̀ gbẹ bá a ṣe ń rìn lọ síbi mọ́tò.